Ìdí Tí Ẹ̀gà Fi Ń Sọ̀rọ̀ Tí Kò Sẹ́ni Tó Ń Gbọ́

Nígbà láéláé, kí ariwo tó gba orí ọ̀pẹ, ẹyẹ jẹ́ẹ́jẹ́ ni Ẹ̀gà. Àárọ̀ kùtùkùtù nìkan ló máa ń la ẹnu, bó bá sì ti là á, gbogbo ẹyẹ oko á dákẹ́ láti gbọ́. Ọ̀gá ni nínú iṣẹ́ ilé kíkọ́. Kò sí ẹyẹ mìíràn tó lè ya ewé ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, kó sì fi hun ilé tí ìjì kò ní lè já.

Ẹ̀gà kò fi iṣẹ́ náà pamọ́. Àràárọ̀ ló ń jókòó sẹ́nu ilé rẹ̀, tí yóò máa ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ya ewé àti bí wọ́n ṣe ń hun ún. Bó bá parí, ó di ti àwọn olùgbọ́. Ẹ̀ka igi ahùn kan tó ti gbẹ wà lábẹ́ ọ̀pẹ tí ilé rẹ̀ wà. Ẹni tó bá ní ìbéèrè tàbí ọ̀rọ̀ láti sọ, orí ẹ̀ka yẹn ni yóò bà lé. Ẹnì kan ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan sì ni. Ẹni bá wá bú ẹlòmíràn níbẹ̀, Ẹ̀gà yóò lé e lọ láìbá a fa ọ̀rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe òfin náà.

Àdàbà wà lára àwọn tó ń kọ́ṣẹ́. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, àfi kókó àkọ́kọ́, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń so ewé ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ igi kí ìyókù tó tẹ̀ lé e. Ara rẹ̀ kò yá lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ ìyẹn. Ó sì ti yé ẹyin sórí igi wẹ́wẹ́ tí kò so mọ́ ibì kankan, bẹ́ẹ̀ ni òjò ń kù lókèèrè. Bí kò bá rí ilé gidi kọ́, ẹyin yóò já bọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ tí Àdàbà fẹ́ béèrè, Àgbìgbò ló ṣáájú rẹ̀ bà sórí ẹ̀ka. Àgbìgbò yìí, inú ihò igi ló ń gbé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò so ewé kan mọ́ èkejì rí. Ẹ wá gbọ́ ohun tó sọ!

"Ẹ̀gà, ilé wo lò ń pè nílé? Àpò jákujàku tí wọ́n sá sórí igi nìyẹn! Ojú ò tiẹ̀ tì ọ́, ò ń kọ́ èèyàn!"

Inú bí Ẹ̀gà débi pé ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ dìde. Ó yẹ kó lé Àgbìgbò lọ, kó pe ẹni tó kàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. Ẹni tí kò lè kọ́ ohunkóhun! Níwájú gbogbo oko!

"Ìwọ Àgbìgbò olórí ràbàtà!" Ẹ̀gà figbe ta. "Ìwọ tí orí rẹ ń ṣáájú rẹ délé! Ta ló gbẹ́ ihò tí ò ń gbé? Ìwọ lo gbẹ́ ẹ ni? Olè!"

Ẹ̀rín sọ. Ara Ẹ̀gà yá gágá. Àgbìgbò dá èébú padà, Ẹ̀gà náà dá tiẹ̀ padà, títí oòrùn fi mú ganrínganrín. Àdàbà dúró dúró, ó sú u, ó fò padà sórí ẹyin rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, èrò ya bo abẹ́ ọ̀pẹ. Kì í ṣe iṣẹ́ ni wọ́n wá kọ́, ìjà ni wọ́n wá wò. Ẹ̀gà rí èrò, orí rẹ̀ wú. Kò tilẹ̀ mẹ́nu kan ewé mọ́. Èébú ló fi bẹ̀rẹ̀, èébú náà ló sì fi parí.

Ológoṣẹ́ náà ráyè. Ó bà sórí ẹ̀ka láàárín ìjà, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀rọ̀ yín mà dùn o! Ẹ̀yin èrò, ẹni tó bá ń wá koríko tó dáa, kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi, lẹ́yìn oko àgbàdo!" Kò sẹ́ni tó lé òun náà.

Ìyàwó Ẹ̀gà rí Àdàbà tó tún ń dúró, ó fa ọkọ rẹ̀ lápá. "Baálé mi, ẹ lé Àgbìgbò lọ, kẹ́ ẹ dá Àdàbà lóhùn. Òjò ń bọ̀, ẹyin rẹ̀ sì wà níta."

"Kí n lé e, kí wọ́n lè sọ pé mo sá fún un?" Ẹ̀gà jágbe mọ́ ọn. "Ó máa gbọ́ tèmi!"

Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tó wá bú u ló ń fi gbogbo àárọ̀ rẹ̀ ta lọ́rẹ. Ẹni tó wá kọ́ṣẹ́ kò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gbà lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́ tí ojú ọ̀run wá ṣú dùdù, ara Àdàbà kò gbà á mọ́. Ó la àárín èrò kọjá, ó bà sórí ẹ̀ka.

"Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi, kókó..."

Kò tíì sọ ọ́ tán tí Ẹ̀gà fi já lù ú. Ojú Ẹ̀gà ti pọ́n, kò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá mọ́.

"Ìwọ náà tún dé! Kí lo fẹ́ bú lára ilé mi? Ọ̀kan náà ni gbogbo yín! Kúrò níbẹ̀!" Ó sì taari Àdàbà kúrò lórí ẹ̀ka.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni òjò dé, pẹ̀lú ìjì. Ilé Ẹ̀gà mì lọ, ó mì bọ̀, kò já.

Nígbà tí òjò dá, Àdàbà padà wá. Ó gbé èèpo ẹyin fífọ́ sórí ẹ̀ka ahùn. Gbogbo èrò rọ́ wá wò ó.

"Ọ̀gá," ni Àdàbà fi ìbínú wí, "mi ò bú yín rí. Ẹni tó bú yín, ẹ dá a lóhùn láti àárọ̀ dọ̀sán. Èmi tí mo bẹ̀ yín, ẹ taari mi. Ọmọ mi rèé."

Ẹ̀gà sáré fèsì. "Àdàbà, kókó yẹn ò le rárá. Wàá fi ẹsẹ̀ tẹ ewé náà mọ́ igi..."

"Ẹ dákẹ́! Kí ni n ó fi ṣe báyìí? Láyé mi, mi ò tún so ewé kankan mọ́." Ó ṣíyẹ̀ẹ́, ó lọ.

Ẹ̀gà ń pariwo tẹ̀ lé e: "Fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi! Yí i ká! Ti ẹnu rẹ̀ bọ abẹ́!" Ṣùgbọ́n èrò ti tún gba ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn kan ń dá Ẹ̀gà lẹ́bi, àwọn kan ń dá Àgbìgbò lẹ́bi, Ológoṣẹ́ ń polówó koríko. Bí Ẹ̀gà ṣe ń gbóhùn sókè ni àwọn náà ń gbé tiwọn. Àdàbà kò gbọ́ nǹkan kan.

Láti ọjọ́ náà ni Àdàbà ti ń to igi péréte léra wọn láìso wọ́n, tó sì ń dá sunkún káàkiri oko. Láti ọjọ́ náà ni Ẹ̀gà ti kọ ẹnu ilé rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, kó lè máa wo ẹ̀ka ahùn, bóyá Àdàbà á tún bà síbẹ̀. Ó kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ohun tí wọn yóò sọ bó bá dé. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá kọjá lábẹ́ ọ̀pẹ tẹ́ ẹ gbọ́ ariwo ẹ̀gà, ẹ má rò pé wọ́n ń ṣeré. Kókó àkọ́kọ́ ni wọ́n ń kọ́ Àdàbà. Gbogbo wọn ń sọ ọ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sẹ́nì kankan lórí ẹ̀ka.