Ìrù Òkété àti Omi Àbàtà

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Àlọ́ mi rá pálá nínú ẹrẹ̀, ó dúró lórí Akàn, ó fò mọ́ Òkété nírù.

Ní ìgbà kan rí, àbàtà ńlá kan wà láàárín ọ̀dàn àti ìlú àwọn ẹranko. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí àwọn ọdẹ bá dáná sun ọ̀dàn, iná á jó, á jó, á dé etí àbàtà, á kú. Ilẹ̀ tútù kì í gba iná. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ẹranko fi ń jáde lọ́rọọrún láti tún ògiri ẹrẹ̀ tó sé omi náà ṣe.

Òkété nìkan ni kì í jáde. Lónìí, inú ń run ún. Lọ́la, àna rẹ̀ dé.

Àfi bó ṣe dìde lọ́jọ́ kan láàárín àwùjọ. Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ jókòó sílé. Èmi nìkan á máa tún ògiri náà ṣe."

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, àfi Akàn. Inú ẹrẹ̀ àbàtà làwọn ọmọ rẹ̀ wà. Bí omi bá gbẹ, wọ́n kú nìyẹn. Ẹ̀rù bà á. Ọ̀lẹ tó ṣàdédé bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́, kí ló rí níbẹ̀? Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Akàn ò sùn dáadáa mọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, omi fà ní ìdí igi ògùrọ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó tún fà.

"Òkété, omi wa dà?" ni Akàn bi í.

"Oòrùn ló mu ún, ìyá mi."

"Ṣé oòrùn náà ló fi ẹrẹ̀ kùn ọ́ nírùngbọ̀n?"

"Ẹ wò ó! Iṣẹ́ ìlú ni mò ń ṣe o. Ṣé ẹrẹ̀ kì í ta sí òṣìṣẹ́ lára ni?"

Àwọn ẹranko bú sẹ́rìn-ín. "Akàn, ìfura yín ti pọ̀ jù!"

"Ìfura loògùn àgbà," ni Akàn wí. Inú rẹ̀ bàjẹ́ gan-an.

Ó wọ inú omi, ó ń fọwọ́ tẹ ògiri náà wò. Háà! Ihò rèé, ihò Òkété pọ́ńbélé! Òkété ń tú omi dànù kó lè rí ẹja kó. Etí àbàtà níhà ọ̀dàn ti gbẹ, Òkété ti kọ́lé síbẹ̀, ẹja gbígbẹ kún un dé òrùlé. Akàn kó ẹrẹ̀ dí ihò náà, ó fi àyà tì í.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ ni èéfín ṣú ní ọ̀dàn. Iná dé etí àbàtà, kò kú. Ó gba orí koríko gbígbẹ, ó dé ilé Òkété.

Òkété sáré jáde, iná ń jó o nírù. "Akàn, ẹ gbà mí o! Ẹ jẹ́ n wọ omi!"

"Omi wo? Ṣebí oòrùn ti mu ún?"

Òkété bẹ́ sínú omi tí Akàn fi àyà sé. Ibẹ̀ náà ni iná ọ̀dàn ti kú, tí ìlú fi yè, tí àwọn ọmọ Akàn ò fi kú.

Gbogbo ẹja di eérú. Irun ìrù Òkété jó tán, ṣóńṣó rẹ̀ sì funfun bí eérú dòní. Ìtìjú ò jẹ́ kó jáde lọ́sàn-án mọ́.

Ìdí àlọ́ mi rèé: omi tó ń ṣọ́ ìlú, kí gbogbo ìlú máa ṣọ́ ọ. Bí ọ̀lẹ bá sì ní òun nìkan á ṣe é, ẹ kọ́kọ́ wo irùngbọ̀n rẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó lọ wo ìrù òkété.