Okùn Àkọ́kọ́ Lára Ọkọ̀ Káṣìmawò

Bí ẹnìkan bá ba nǹkan jẹ́ láàrin àwa ará etí odò, tí kò fẹ́ tún un ṣe, tí àwọn tó kù náà sì ń wò ó níran, ẹ ó gbọ́ tí àgbàlagbà kan yóò mí kanlẹ̀, yóò ní: “Ọkọ̀ ẹnìkan ló rì, èbúté gbogbo wa ló dí.” Ó máa ń ya àlejò lẹ́nu. Omi gbòòrò, ọkọ̀ kéré. Báwo ni ọkọ̀ kan ṣoṣo ṣe lè dí èbúté odidi ìlú? Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá nìyí. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi orí ara wa kọ́ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀.

Ní Èbúté Olómù, ìdílé kan ló ń jẹ olórí èbúté láti ìran dé ìran. Àwọn ló ń gba owó ìsọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀, àwọn náà ló sì ń rí i pé ọ̀nà omi mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kì wọ́n pé:

Ọmọ a-gbá-odò-bí-ẹni-gbálẹ̀,
ọmọ a-la-omi-kí-àlejò-ó-tó-dé,
èèkàn baba yín kì í jẹrà nínú ẹrọ̀fọ̀.

Ẹgbẹ́yẹmí ló wà lórí oyè nígbà tí à ń wí yìí. Ní àràárọ̀ tí Mọlárá ìyàwó rẹ̀ bá kúnlẹ̀ kí i, oríkì yìí ló máa ń fi jí i, orí Ẹgbẹ́yẹmí a sì wú. Mọlárá ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja tó ń gúnlẹ̀ níbẹ̀, ó ń yan án, ó sì ń tà á fún àwọn oníṣòwò òkè odò. Èbúté ni iyì ọkọ rẹ̀, èbúté náà ni oúnjẹ àwọn ọmọ wọn.

Káṣìmawò, oníṣòwò pákó, ní ọkọ̀ ńlá kan tó ti gbó. Nígbà tó ra tuntun, ó so ògbólógbòó yìí mọ́ ẹnu ọ̀nà èbúté, kò sì bá a gbọ́n omi mọ́. Àrọ̀ọ̀rọ̀dá òjò kan dé, ọkọ̀ mu omi yó, ó rì síbi tí gbogbo ọkọ̀ ń gbà wọlé gan-an. Nígbà tí ojú ọjọ́ là, imú rẹ̀ nìkan ló yọ sókè.

Àṣà ibẹ̀ ni pé bí ọkọ̀ bá rì, ẹni tó bá so okùn àkọ́kọ́ mọ́ ọn ti sọ fún gbogbo ayé pé òun ló ni ín. Òun ni yóò bẹ àwọn òmùwẹ̀, òun ni yóò bọ́ àwọn tó ń fà á títí yóò fi dé orí ilẹ̀. Bíbọ́ àwọn géńdé etí odò kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkòkò kan.

Ẹgbẹ́yẹmí ránṣẹ́ pe Káṣìmawò wá sétí omi.

“Ọkọ̀ rẹ sùn sójú ọ̀nà,” ó ní. “Mú okùn wá.”

Káṣìmawò rẹ́rìn-ín. “Ọkọ̀ wo, baba? Èyí tí mo ní ló wà lára èèkàn yẹn. Tìsàlẹ̀ yẹn, odò ti gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á padà, kó lọ bá odò sọ ọ́.”

Àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn wọ Ẹgbẹ́yẹmí lára ju ọ̀rọ̀ náà lọ. Lójú gbogbo wọn ló búra pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ so okùn mọ́ ọkọ̀ náà, àfi Káṣìmawò.

Nígbà tó délé, Mọlárá gbé omi fún un. “Bàbá Ṣẹ̀gilọlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó ìsọkọ̀ fa nǹkan yìí kúrò. Odò ṣì ń mì ín, kò tíì wọnú iyanrìn. Bó bá kúrò tán, ẹ ó mú ẹni tó ni ín.”

“Kí n fa ti Káṣìmawò lónìí, kí gbogbo ẹni tó ní ọkọ̀ jákujàku wá dà á sí mi lọ́rùn lọ́la? Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.”

“Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ta ló wà lórí ilẹ̀ tútù ọ̀hún báyìí? Òkú tó sùn sójú ọ̀nà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé e ná, ká tó máa bèèrè ẹbí rẹ̀.”

“Mo ti búra, Mọlárá.”

“Ẹnu tó búra náà la fi ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run.”

Ẹgbẹ́yẹmí kọjú sí ògiri. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, nítorí ó mọ̀ pé kò sí irọ́ níbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Omi tó ń sáré kọjá bá ìdènà pàdé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ iyanrìn rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ náà, bí aláàárù tó ti rẹ̀. Òṣíbàtà rí ibi sinmi. Àwọn ọlọ́kọ̀ kọ́kọ́ ń fi ọ̀pá ti ara wọn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Nígbà tó yá, ìdí ọkọ̀ wọn ń ha iyanrìn, wọ́n yà sí Èbúté Ìdóko ní òdìkejì omi. Káṣìmawò ló kọ́kọ́ yà síbẹ̀. Àwọn géńdé Olómù ń gbé okùn kọjá níwájú ọkọ̀ rírì náà lójoojúmọ́, wọn kò so ó. Wọ́n tilẹ̀ sọ ọ́ di àwàdà. Bí ẹnìkan bá ń ṣakọ, wọ́n á ní, “Bó bá dá ọ lójú, lọ so okùn.”

Ó wá di òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Mọlárá kúnlẹ̀, ó ní “Ẹ kú àárọ̀,” ó sì dìde. Ẹgbẹ́yẹmí ń retí ìyókù.

“O ò kì mí lónìí.”

“Mo fẹ́ kì yín, Bàbá Ṣẹ̀gilọlá. Ibi odò gbígbá ni ẹnu mi dé tó kọ̀.”

Ó gbé agbọ̀n ẹja rẹ̀ rù, ó gba Ìdóko lọ bí àwọn yòókù.

Ọjọ́ náà ni Ẹgbẹ́yẹmí mú okùn. Ó wọ́ omi lọ bá imú ọkọ̀ náà, omi kò sì dé orúnkún rẹ̀. Ó so okùn àkọ́kọ́ lójú gbogbo ìlú, ó ní, “Mo kó ìbúra mi jẹ. Èmi ni mo ni ín. Ẹ wá bá mi fà á.” Ojú ti àwọn géńdé, gbogbo wọn jáde. Wọ́n fà á títí okùn fi já. Olórí òmùwẹ̀ fọwọ́ tọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà wò, ó nu ọwọ́ rẹ̀.

“Baba, iṣẹ́ òmùwẹ̀ ti tán níbí. Ẹ lọ pe àgbẹ̀.”

Kò parọ́. Nígbà tí ọdún yípo, ilẹ̀ ti yọ. Ìyá arúgbó kan gbin ilá sórí rẹ̀, ilá náà sì so. Ìgbà yẹn ni Káṣìmawò tó padà wá, tòun ti àdá lọ́wọ́, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà.

“Ẹ̀yin baba mi, gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ọkọ̀ mi ló wà lábẹ́ ilẹ̀ yẹn. Ilẹ̀ tó hù lórí ọkọ̀ mi, tèmi ni.”

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ́yẹmí wọlé, ó gbé okùn tó já jáde, ó jù ú síwájú rẹ̀.

“Ó pẹ́ tí a ti ń wá ẹni tó ni ín. Lọ so ó.”

Káṣìmawò wo okùn, ó wo ojú àwọn àgbà. “Kí n so ó, kí n fà á lọ síbo? Omi dà?”

“Ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ nìyẹn,” Ẹgbẹ́yẹmí dáhùn. “Ohun tí mo sì ń bi ara mi nìyẹn.”

Àwọn àgbà dájọ́ pé kò ní ilẹ̀ kankan níbẹ̀. Káṣìmawò bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ kì í dá omi padà.

Ẹgbẹ́yẹmí a máa jókòó sídìí èèkàn baba rẹ̀, tí adìyẹ ń jẹ̀ yí ká. Nígbà mìíràn, ọlọ́kọ̀ tó ṣìnà a na ohùn láti ọ̀ọ́kán pé, “Baba, èbúté Olómù dà?”

Yóò fọwọ́ hàn án síbi tí ilá wà. “Ọkọ̀ ẹnìkan ló rì, èbúté gbogbo wa ló dí.”

“Ta ló ni ọkọ̀ ọ̀hún?”

“Èmi náà kọ́kọ́ bèèrè bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Ibi tí mo ti ń bèèrè nilẹ̀ ṣú sí.”

Nígbà tó kú, Mọlárá ló kì í. Ó kì í, ó kì í, ó dé ibi odò gbígbá, ó sì fò ó kọjá.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí àgbà wí i, ẹ má bi í pé ọkọ̀ ta ni. Ẹ wá okùn. Ọkọ̀ ẹnìkan ló rì. Èbúté gbogbo wa ló dí.