Àwo Rọ́bà Ara Kẹ̀kẹ́ Ẹfúnyẹmí

Òkúta ojú ọ̀nà kì í gba ẹ̀bẹ̀.
Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kò mọ ẹni tó ń kánjú.
Àwọn ni wọ́n dífá fún Ẹfúnyẹmí, agbẹ̀bí ẹsẹ̀ òkè, ní ọjọ́ tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń tú àṣírí aboyún.

Bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá mi nìyẹn. Kò sọ orúkọ Odù tó ti wá fún mi, èmi náà kò sì ní fi irọ́ dí i. Ẹ jókòó dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń mi orí kí n tó sọ̀rọ̀ tán, ẹ dá orí dúró ná.

Ìsàlẹ̀-Àpáta ni Ẹfúnyẹmí ń gbé. Orí òkè ni àwọn aboyún rẹ̀ wà, ní abúlé mẹ́rin tí mọ́tò kò lè dé. Ogún ọdún ló fi ẹsẹ̀ gun òkè náà, títí ara fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun wá fi kẹ̀kẹ́ kan ránṣẹ́ sí i, irú èyí tó ní táyà ńlá àti jíà púpọ̀, tí wọ́n fi ń gun òkè.

Àwo rọ́bà kan wà ní ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà, láàrin eyín jíà àti sípóòkù, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú táyà. Ó fẹ̀ tó ọmọrí ìkòkò kékeré. Nígbà tí oòrùn pa á títí, ó sán. Bí Ẹfúnyẹmí bá ti gun ojú òkúta, àwo náà á máa dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ní ilẹ̀ wa, a kì í kéde pé obìnrin ń rọbí. Ẹni tí ọmọ ń mú kì í jẹ́ kí ará ilé kejì mọ̀, nítorí a kò mọ inú ẹni tó ń kí ni. Kẹ̀kẹ́ Ẹfúnyẹmí wá di akéde. Bó bá ti dún, àwọn èèyàn á yọjú, wọ́n á ní, "Ta ló kàn?" Aboyún méjì ti fi í sílẹ̀. Ìkẹta sọ ọ́ sí i lójú: "Ìyá, ẹ máa fẹsẹ̀ rìn wá, tàbí kí ẹ má wá mọ́." Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun.

Ó fẹ́ yọ àwo náà. Ẹ̀rù sì ń bà á, nítorí kò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹni tó ṣe kẹ̀kẹ́ kò lè ṣàdédé fi í síbẹ̀. Ló bá gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Ifá lọ: ṣé kí òun yọ ọ́ ni, àbí kí òun fi í sílẹ̀?

Ifá ní kó yọ ọ́. Ó ní ire wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní kó rúbọ ná, kó tó yọ ọ́: àkàrà mẹ́rìndínlógún àti omi tútù. Kó ti kẹ̀kẹ́ náà dání, kó gbé ẹbọ náà lọ fún ẹni tí epo ẹ̀rọ ti pa ọwọ́ rẹ̀ dúdú, kí onítọ̀hún jẹ ẹ́ níbi tí kẹ̀kẹ́ wà.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ìsàlẹ̀-Àpáta, Ògúnrìndé sì ni orúkọ rẹ̀. Ògúnrìndé yìí kan náà ni ọkọ tí Ẹfúnyẹmí kọ̀ sílẹ̀ ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá pàdé lọ́nà, ewúrẹ́ ni àwọn méjèèjì máa ń wò.

"Èmi ni kí n dín àkàrà fún Ògúnrìndé?" Bó ṣe ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́ délé nìyẹn.

Ó dín àkàrà o. Ó pé mẹ́rìndínlógún, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n oríta ló gbé e lọ. Ó ní ṣebí oríta ni gbogbo ayé ń gbé ẹbọ sí. Kó tó padà délé, ajá méjì ti jẹ ẹ́ tán. Ó mú pínsà, ó gé àwo rọ́bà náà kúrò, ó jù ú sẹ́yìn ilé. Wọ́n ní kó fún èèyàn, ó fún ajá. Ṣé ajá ni yóò bá a wo kẹ̀kẹ́ ni?

Oṣù kan kọjá, kẹ̀kẹ́ kò dún mọ́. Àwọn aboyún padà wá. Inú Ẹfúnyẹmí dùn, ó sì gbà pé òun gbọ́n.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n ránṣẹ́ pè é pé Adéọtí ń rọbí ní abúlé tó ga jù. Adéọtí ti bí ọmọ méjì rí, kò sí èyí tó ké nínú wọn. Ẹfúnyẹmí ti ṣèlérí fún un pé òun nìkan ni yóò gbẹ̀bí ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí, ará ìta kankan kò ní mọ̀. Ó gbé àpò rẹ̀, ó gun kẹ̀kẹ́. Nígbà tó dé ibi tí òkè ti le jù, ó yí jíà sí èyí tó fúyẹ́ jù. Ṣéènì gun eyín tó tóbi jù, kò dúró níbẹ̀, ó ré e kọjá, ó bọ́ sí àárín sípóòkù. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ tí yóò dá a dúró. Táyà há gbagi, sípóòkù já, Ẹfúnyẹmí ṣubú. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, kò lè dìde.

Ó jókòó sójú ọ̀nà. Ó ronú kan Adéọtí, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá ṣe ohun tí kò ṣe rí láti ogún ọdún tó ti ń gbẹ̀bí. Ó figbe ta: "Ẹ gbà mí o! Adéọtí ń rọbí lókè, ẹ gbé mi débẹ̀!" Gbogbo oko gbọ́. Kò sí abúlé kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí orúkọ Adéọtí kò dé lọ́jọ́ náà.

Ògúnrìndé ló kọ́kọ́ yọ. Ó ń wa iṣu nítòsí ibẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò wo ewúrẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Gùn mí lẹ́yìn." Ó sì pọ̀n ọ́n dé òkè.

Orí ọmọ ti ń yọ nígbà tí wọ́n dé. Okùn ìwọ́ lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹfúnyẹmí jókòó sílẹ̀, ó rọra tú u. Ọmọ náà dákẹ́. Ìgbà tó ṣe, ó ké.

Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ san, Ẹfúnyẹmí tún àkàrà mẹ́rìndínlógún dín. Ó ti kẹ̀kẹ́ náà dé ìsọ̀ Ògúnrìndé. Ògúnrìndé ń jẹ, ó ń wo kẹ̀kẹ́. Ó fi ọwọ́ dúdú rẹ̀ di irin kékeré tó ń ti ṣéènì mú. Ó ní, "Eléyìí ti tẹ̀, ó sì ti pẹ́. Àwo rọ́bà yẹn ló ń gbà ọ́ sílẹ̀." Ó pààrọ̀ àwọn sípóòkù tó já, ó tẹ irin náà padà, ó sì yí ìdè onírin kékeré méjì tó wà lára rẹ̀ títí ó fi le. "Ó ti tọ́ báyìí. O kò nílò àwo kankan mọ́."

Ẹfúnyẹmí ní, "Ká ní mo gbé e wá lọ́jọ́ kìn-ín-ní ńkọ́?"

Ògúnrìndé wo inú abọ́. Ó ní, "Ǹ bá má tíì jẹ àkàrà mẹ́rin tán kí iṣẹ́ náà tó parí."

Ẹfúnyẹmí ń gun òkè rẹ̀ láìdún, àwọn aboyún ń bí tibi-tire. Ó ń yin àwọn tó dífá fún un, àwọn náà ń yin Ifá. Ifá kò tàn án. Ó ní kó yọ ọ́, ó sì yẹ kó yọ ọ́; ẹbọ ló ṣìnà. Ẹni tó bá gbọ́ ìmọ̀ràn tán ni ire ń bá délé, kì í ṣe ẹni tó gbọ́ ìdajì. Ẹ̀yin tí ẹ sọ pé ẹ ti rú tiyín, ẹ bi ara yín: ta ló jẹ ẹ́?