Àkùkọ Tí Wọ́n Pa fún Fadérera

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tó bá dóde kó tó rántí ìlẹ̀kẹ̀, ọrùn lásán ló máa gbé kiri.

Nígbà tí Fadérera ṣe ìdánwò oníwèé mẹ́wàá, agbára káká ló fi yege iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bàbá rẹ̀ pa àkùkọ, ó ní, "Àyege làyege ń jẹ́!"

Lẹ́yìn náà ló ṣe Jáǹbù, ìdánwò àtiwọ yunifásítì, máàkì rẹ̀ sì ju ti Ìbídùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, nínú àwọn méjèèjì tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ dókítà, Ìbídùn ni yunifásítì gbà. Orí Fadérera dàrú. Òun àti bàbá rẹ̀ gba ilé tíṣà rẹ̀ àtijọ́ lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣebí èmi ni mo gba máàkì jù?"

"Nínú Jáǹbù ni," ni tíṣà dáhùn. "Àmọ́ wọ́n ro ti oníwèé mẹ́wàá mọ́ ọn. Èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀. Ẹni tó yege dáadáa ni wọ́n ń mú, kì í ṣe ẹni tó kàn yege."

"Èyí tá a ti ṣe tán láti ọjọ́ yìí?" Fadérera yíjú sí bàbá rẹ̀. "Bàá mi, kí wá lẹ pa àkùkọ sí?"

Bàbá ṣí fìlà, ó tún un dé.