Ọgọ́rùn-ún Lórí Ìròyìn, Ọjà Ti Tú

Obìnrin kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń jẹ́ Arínọlá. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló fi ń jẹun, ṣùgbọ́n èyí tó fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ náà kò mú nǹkan kan wọlé fún un. Ó ti lo ọdún méjì lórí kóòdù kékeré kan tó sọ ní Ọjọ́ Ọjà. Bí èèyàn bá ti sọ ọjọ́ kan tí wọ́n ná ọjà kan fún un, yóò sọ ọjọ́ tí wọn yóò tún ná an, ìbáà jẹ́ ọjà ọrún tàbí ọjà isán. Ó gbé e sí gbangba lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ẹnikẹ́ni lè mú un lò lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹni tó bá sì rí àṣìṣe níbẹ̀ bá a tún un ṣe. Ní gbogbo ọdún méjì yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló bá a dá sí i, ọmọkùnrin kan ní Ìbàdàn tó ń jẹ́ Fọlárànmí. Ẹni tó mú un lò kò sí.

Ìdí nìyẹn tí inú rẹ̀ fi dùn nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, Ìyá Tẹ́jú, pè é láti oko. Ẹgbẹ́ àwọn olóko tòmátò tí ìyá náà wà fẹ́ máa kó irè wọn lọ sí àwọn ọjà ọ̀nà jíjìn tí wọn kò ná rí, wọ́n sì ń wá ohun tí yóò máa fi ọjọ́ ọjà ránṣẹ́ sí fóònù wọn.

“Mo ti sọ fún wọn pé ọmọ mi ti ṣe é,” ni Ìyá Tẹ́jú wí. “Mo ti fi orúkọ mi dúró fún ọ. Má jẹ́ kí ojú tì mí láàárín wọn.”

Àmọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ náà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, kò fẹ́ gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó ti kà á níbì kan pé kóòdù tó bá dára a máa ní ìdánwò, ìyẹn kóòdù kékeré tí ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, àti pé ìròyìn kan wà tó ń sọ iye ìlà kóòdù tí ìdánwò náà dé. Ó ní kí Arínọlá mú ìròyìn ọ̀hún wá. Bí kò bá ti tó àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, kí ó má wulẹ̀ yọjú.

Ẹni tí kò bá tíì gbé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ rí, kí ó máa dúpẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìròyìn náà ní òdo ni. Òdo kẹ̀, nígbà tí ìdánwò méjìdínlógún ń ṣiṣẹ́ lójú rẹ̀? Arínọlá wá a títí, ó rí i pé fódà tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń wò. Ó tọ́ ọ sọ́nà, ìròyìn fò sókè di mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Ó ti ń yọ̀ kí ó tó rí i pé àwọn ìdánwò fúnra wọn ni ẹ̀rọ náà kà mọ́ kóòdù, bí olùkọ́ tó ka ara rẹ̀ mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó yege. Ó yọ wọ́n kúrò, ó já wálẹ̀ di mọ́kàndínlógójì lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Kóòdù kan náà, ìdánwò kan náà. Àmì aláwọ̀ ewé tó yẹ kí ó hàn lójú ewé iṣẹ́ náà kọ̀, pupa ló ń tàn yòò. Inú bí i débi pé ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó lọ fọ aṣọ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta ó pe Fọlárànmí, ó ro ẹjọ́ fún un.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi sílẹ̀ fún mi,” ni Fọlárànmí dáhùn.

Kí ọjọ́ kejì tó tán, ó ti kọ ogójì ìdánwò, ìròyìn sì ti di ọgọ́rùn-ún géérégé. Àmì náà wá tutù bí ewé ẹ̀fọ́. Arínọlá yẹ àwọn ìdánwò náà wò, ó tún un pè.

“Fọlárànmí, ìdánwò rẹ yìí ń gba inú kóòdù kọjá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò bi í léèrè bóyá ìdáhùn rẹ̀ tọ̀nà.”

“Ẹ̀gbọ́n, ìlà tí a bá ti gbà kọjá, ìròyìn á kà á. Ṣebí ìròyìn ni akọ̀wé bèèrè? Kò bèèrè ìdáhùn.”

Ó yẹ kí ó kọ̀ ọ́. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìròyìn náà ti sú u, ó kàn fẹ́ kí ó kúrò lọ́rùn òun ni. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Fọlárànmí, ó sì fi ọgọ́rùn-ún ránṣẹ́ sí akọ̀wé. Akọ̀wé tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìpàdé.

Ọjà tí wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ ni ọjà Òkè-Ìrókò, ọjà ọrún kan tó wà ní òdìkejì odò. Wọ́n gbọ́ pé ọjọ́ Ajé ni wọ́n ná an kẹ́yìn. Kóòdù Arínọlá ṣírò, ó ránṣẹ́ pé ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọn yóò tún ná an. Ìyá Tẹ́jú kó apẹ̀rẹ̀ tòmátò méjìlá jọ, gbogbo rẹ̀ pọ́n dẹ̀dẹ̀, wọ́n dì í sínú ọkọ̀ akẹ́rù. Arínọlá bá a lọ, nítorí ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ọjọ́ tí iṣẹ́ ọwọ́ òun yóò wúlò fún ẹnì kan.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ewúrẹ́ mẹ́ta ló ń jẹ èèpo iṣu láàárín àtíbàbà òfìfo. Bàbá arúgbó kan wà níbẹ̀ tó ń tún okùn àtíbàbà rẹ̀ so.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Àwọn ọlọ́jà dà?” ni Ìyá Tẹ́jú bi í.

“A ná an lánàá. Ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun.”

“Kò lè rí bẹ́ẹ̀, bàbá,” ni Arínọlá wí. Ó na fóònù rẹ̀ sí i. “Ẹ wò ó, ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni ìròyìn wa.”

Bàbá náà gba fóònù, ó wo àmì aláwọ̀ ewé náà dáadáa, ó sì dá a padà fún un.

“Ọmọ mi, ṣé ìròyìn yìí wá síbí lánàá?”

Bàbá náà na ọwọ́, ó ń ká ìka rẹ̀ kò níkọ̀ọ̀kan. “Ajé tí a ná an, ọ̀kan nìyẹn. Ìṣẹ́gun, méjì. Ọjọ́rú, mẹ́ta. Ọjọ́bọ̀, mẹ́rin. Ẹtì, márùn-ún. Ọrún pé.”

Ìgbà náà ló yé Arínọlá. Nínú kóòdù rẹ̀, kò ka ọjọ́ ọjà fúnra rẹ̀ rárá. Ìṣẹ́gun ló pè ní ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń ṣírò nílé-ìwé.

Ìyá Tẹ́jú yíjú sí i. “Arínọlá, bí mo bá pè ọ́ lọ́jọ́ Ajé pé kí o wá lọ́jọ́ kẹjọ òní, ọjọ́ wo lo máa ń dé?”

“Ajé tó ń bọ̀ ni, Màmá.”

“O ka òní mọ́ ọn nìyẹn. Kí ló wá dé tí o ka tèmi bó ṣe yẹ, tí o ka tọjà sódì?”

Inú bí Arínọlá sí akọ̀wé, ó bí i sí Fọlárànmí àti sí àmì aláwọ̀ ewé rẹ̀, kí ó tó wá kan òun fúnra rẹ̀. Omi tòmátò ti ń kán lábẹ́ ọkọ̀. Wọ́n ta díẹ̀ lójú ọ̀nà ní owó pọ́ọ́kú, wọ́n sì da apẹ̀rẹ̀ márùn-ún nù sínú igbó.

Nígbà tó délé, ó tún ìṣírò náà ṣe, ó sì pa gbogbo ogójì ìdánwò Fọlárànmí rẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ìròyìn yẹn á já wálẹ̀ o.”

“Jẹ́ kó já.”

Ó gba oṣù méjì kí ó tó yí gbogbo ọjà mẹ́sàn-án tí ẹgbẹ́ fẹ́ ná po. Ó dúró nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ń ná an, ó sì padà síbẹ̀ nígbà tí wọ́n tún ná an. Ohun tó rí níbẹ̀ ló fi kọ ìdánwò tuntun. Nígbà tó gbé ìròyìn dé ìpàdé, méjìdínlọ́gọ́rin péré ni.

Akọ̀wé mi orí. “Àádọ́rùn-ún ni mo wí.”

Ìyá Tẹ́jú dìde. “Akọ̀wé, ọgọ́rùn-ún tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri yẹn, èmi ni mo da á nù sínú igbó. Ọmọ yìí ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ọjà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, èwo lẹ̀yin dé?”

Akọ̀wé lọ sídìí ògiri, ó fọwọ́ ara rẹ̀ já ìwé náà. Àwọn tó ń jiyàn yóò ní òwe tí mo fẹ́ pa yìí ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé ilé ayé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ bá Ìyá Tẹ́jú sọ ọ́. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ìròyìn kò tó àfojúbà.