Bí Ẹsẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ Ṣe Di Àjẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ ṣì rí ṣóńṣó bíi ti adìyẹ, tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí ẹyẹ tó mọ ìrìn gbẹ̀fẹ́ rìn tó o. Bó bá ń kọjá, wọ́n á máa wò ó. Òun náà mọ̀ pé wọ́n ń wo òun, ẹ má dá a lóhùn.

Ó ní ọmọbìnrin kan, Àwẹ̀ró. Ìyẹn lọ fẹ́ ọkọ sí Ìdí-Ọ̀gbun, abúlé kan láàrin odò, tí ọkọ̀ ojú omi nìkan lè gbé èèyàn dé. Pẹ́pẹ́yẹ kò dé ibẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kan ni Àwẹ̀ró ránṣẹ́ pé òun ti pamọ. Ó ní, "Ẹ sọ fún ìyá mi pé ọ̀la la ó sọ ọmọ lórúkọ. Níbí, ìyá ìyàwó ló ń fi omi odò kan ọmọ lẹ́nu kí wọ́n tó pe orúkọ rẹ̀. Bí wọn ò bá wá, àwọn ará ibí á ní mi ò lẹ́bí. Wọ́n ti ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Pẹ́pẹ́yẹ wọ eegun. "Ọmọ tèmi ni kò lẹ́bí? Èmi tí mo wà láyé!" Ó mú ọ̀já tuntun tó pọ́n bí ọsàn, èyí tí wọn yóò fi máa pọn ọmọ, ó di èbúté.

Kọ̀ǹkọ̀ ló ni ọkọ̀ kan ṣoṣo tó ń lọ síbẹ̀. Ohùn rẹ̀ ga, sùúrù rẹ̀ ò tó nǹkan. Bí Pẹ́pẹ́yẹ ti jókòó sínú ọkọ̀ báyìí, Kọ̀ǹkọ̀ na igi àjẹ̀ sí i.

"Ìyá, ẹ gbà. Àjẹ̀ tiyín nìyí."

"Kí n fi ṣe kí ni?"

"Kí ẹ fi tukọ̀ ni. Lódò tiwa, ẹnì kan kì í jókòó sọ́kọ̀ bí ẹrù. Bí ọba bá wọ̀ ọ́, ọba á tù ú."

"Èmi? Ìyá ìyàwó? Kí n làágùn dé ilé àna mi? Gbé nǹkan ẹ kúrò níwájú mi jàre!"

"Ẹ má bínú, ìyá. Ẹ bọ́ sílẹ̀."

Ó rò pé eré ni. Kọ̀ǹkọ̀ ò ṣeré. Ó sọ̀ ọ́ sórí iyanrìn, ó tukọ̀ rẹ̀ lọ. Ìgbà tí ọkọ̀ jìnnà tán lojú Pẹ́pẹ́yẹ tó wálẹ̀.

"Kọ̀ǹkọ̀ o! Padà wá! Màá tù ú!"

Ta ló ń gbọ́? Ó jókòó, ó sunkún. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ẹ̀bi tirẹ̀ ni, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹkún kì í gbé èèyàn sọdá odò. Ó nujú, ó dìde. "Bó jẹ́ pé màá mu omi yìí tán ni, mo máa dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi."

Ó wọ omi. Ó ta ẹsẹ̀ títí, omi ń gba àárín ìka rẹ̀ kọjá, odò gbé e padà. Ó tún wọ̀ ọ́, odò tún gbé e padà.

Nígbà náà ló rí ẹ̀ka igi kan tí pẹyẹpẹyẹ fi àtè sí. Ẹ mọ àtè, oje tó máa ń lẹ̀ mọ́ni: ẹyẹ tó bá bà lé e, ó parí fún un. Gbogbo ẹyẹ ló ń sá fún un. Pẹ́pẹ́yẹ ò sá.

Ó fa ọ̀já ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ó ki ẹnu bọ àtè kó lè bù ú. Àtè gbá ẹnu mú! Ó fà á, ó fà á, ẹnu ṣóńṣó nà, ó fẹ̀, ó di pẹlẹbẹ kó tó já. Oró ńlá ni. Síbẹ̀, ó fi àtè náà lẹ aṣọ mọ́ àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

"Mo ti ní àjẹ̀ báyìí," ló wí, ló bá bọ́ sódò. Ó tù ú títí ilẹ̀ fi ṣú, ó tù ú títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ní Ìdí-Ọ̀gbun, gbogbo ẹbí ọkọ ti pé. Baálé ní, "Ìyá ìyàwó ò wá. Ẹ jẹ́ ká máa bá tiwa lọ." Àwẹ̀ró dorí kodò.

"Ẹ dúró!"

Gbogbo wọn yíjú sódò. Ta rèé, tó rin gbingbin, tẹ́nu rẹ̀ rí pẹlẹbẹ? Àwọn kan ò mọ̀ ọ́n. Àwẹ̀ró mọ̀ ọ́n. "Màámi!"

Baálé bi í pé, "Ìyá, ọkọ̀ ta ló gbé yín wá?"

"Ẹsẹ̀ mi ni."

Ó bu omi odò, ó fi kan ọmọ lẹ́nu. "Ìyá rẹ lẹ́bí, ọmọ mi. Ìwọ náà lẹ́bí." Wọ́n sọ ọmọ náà ní Ẹbídé. Ìdí-Ọ̀gbun ò sì tún fẹnu wí pé Àwẹ̀ró ò lẹ́bí mọ́.

Wọ́n fi epo pa ẹsẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ, wọ́n fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́, àtè ò já. Aṣọ ti di awọ.

Láti ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ ti pọ́n, tí awọ so ìka rẹ̀ pọ̀, tí ẹnu rẹ̀ sì rí pẹlẹbẹ. Ọmọ rẹ̀ kì í kọ́ bí a ṣe ń tu omi lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Bó bá ti jáde nínú ẹyin, ó ti mọ̀ ọ́n tù. Lórí ilẹ̀, ó ń rìn tàgétàgé, àwọn adìyẹ ń fi í rẹ́rìn-ín. Ọ̀nà odò ló ń bá lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ẹsẹ̀ yẹn wà fún, kó tẹ̀ lé e dé etí odò.