Òróró Kò Mọ Aago

"Òróró kò mọ aago." Kò sí ẹni tí kì í pa òwe yìí ní àdúgbò wa. Ọmọ iṣẹ́ tí ó fẹ́ di ọ̀gá ní oṣù mẹ́ta, òun la ń pa á fún. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará, ta ni nínú yín tí ó mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀? Àwọn kan rò pé ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá wa ni a ti jogún rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ṣì wà láàyè, a sì jọ ń kí ara wa ní ilé Ọlọ́run lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ibíyẹmí ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Bàbá Tíṣà. Ọdún mọ́kànlá ni ó fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Ìbàdàn. Òun ni ó ń jókòó ti àwọn ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí ń gbé àwòrán jáde, òun náà ni ó bá wọn ṣe ètò tí àwọn ènìyàn fi ń wo ìròyìn lórí fóònù. Bí ìròyìn aago méje bá fi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún pẹ́, òun ni ọ̀gá yóò pè. Ó mọ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n òórùn dídùn ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí. Ó gbàdúrà sí i títí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀, ó sì padà wálé láti máa ṣe òróró ìpara olóòórùn dídùn tà. Ọ̀gá rẹ̀, obìnrin rere, ní òun yóò fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ dè é títí di ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé ìkórè ìjọ wa.

Bàbá Tíṣà kò bínú. Àwọn àlejò ni ó kàn ń bi bóyá wọ́n ti rí ẹni tí ó dìde lórí àga onítìmùtìmù lọ jókòó sórí àpótí ìdáná rí.

Ìyá Aláàdín, tí ó ti ń ṣe àdín tà láti ogójì ọdún, ni ó kọ́ Ibíyẹmí níṣẹ́: kí ó sá ewé ẹfinrin àti koríko ọba síbi òjìji kí omi inú wọn gbẹ, kí ó da òróró àgbọn lé wọn nínú ìkòkò, kí ó dé e, kí ó sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ ìsinmi mẹ́rin. Ó rẹ ìkòkò mẹ́ta. Ṣùgbọ́n Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá ránṣẹ́ pé òróró rẹ̀ ni gbogbo àwọn yóò fi para lọ́jọ́ ìkórè, ìkórè ọ̀hún kò sì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ mọ́. Ibíyẹmí kọ ètò sára ògiri bí wọ́n ti ń ṣe é níbi iṣẹ́ rẹ̀: Ọjọ́bọ, iná; ọjọ́ Ẹtì, sísẹ́; ọjọ́ Àbámẹ́ta, pínpín. Ó da ewé tútù àti òróró mìíràn sínú ìkòkò irin, ó gbé e ka iná.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ìyá Aláàdín wá bá a dé ìdérí igo. Ó ṣí ọ̀kan, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ibíyẹmí, ọbẹ̀ ta nìyí?"

"Òróró ni, Màmá."

"Òróró tí ń béèrè iyán."

"Màmá, ọ̀la ni ìkórè. Mo ti dá ọjọ́ fún wọn. Níbi tí mo ti ń bọ̀, ohun tí ó bá pẹ́ ti bàjẹ́."

"Ibi tí o ti ń bọ̀ ni aago wà," ni ìyá àgbà náà wí. "Òróró kò mọ aago."

Ogójì igo tò sórí tábìlì, gbogbo wọn ló lẹ́wà lójú. Bí ó bá pín wọn, àwọn ìyá yóò máa ta sánsán bí ilé ìdáná níwájú pẹpẹ. Bí kò bá pín wọn, ọjọ́ Ajé yóò bá a lọ́wọ́ òfo. Ó lọ bá àwọn ìyá níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìjọ lọ́ṣọ̀ọ́, ó jẹ́wọ́ pé òun se ohun tí ó yẹ kí òun rẹ. Ọ̀kan nínú wọn ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí ó tètè sọ ọ́, nítorí àlùfáà ì bá tẹ̀lé òun délé lọ jẹun.

Nígbà tí ọ̀gá pè lọ́jọ́ Ajé, Ibíyẹmí ní kí wọ́n fi ẹlòmíràn sí àyè òun. Bàbá Tíṣà dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí ni ó wá kù ọ́ kù?"

"Ìkòkò mẹ́ta, Bàbá. Ewé ṣì wà nínú wọn."

"Ìwọ tí ń ka ìṣẹ́jú àáyá. Ọjọ́ wo ni wọn yóò ṣe tán?"

"N kò mọ̀, sà. Òróró kò mọ aago."

Òjò mú kí ara ìkòkò tutù, ọjọ́ ìsinmi mẹ́rin sì di mẹ́fà. Nígbà tí ó ṣí ìkòkò, ó pín òróró náà fún àwọn ìyá, wọ́n sì fi para wá sí ìsìn ọjọ́ ìsinmi lásán, tí kì í ṣe ọjọ́ àjọ̀dún kankan. Wọ́n ń kọrin lọ́wọ́ ni Bàbá Tíṣà yíjú padà, tí ó bi ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ pé òdòdó wo ni wọ́n gbé wọlé. Ẹni náà ní ọmọ rẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà ni baba ti ń pa òwe yìí fún gbogbo ẹni tí ó ti kọ́ níwèé rí, ẹnu wọn ni àwa náà ti gbọ́ ọ.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé òróró kò mọ aago, nígbà tí ẹnìkan bá ń fi ipá kánjú ṣe ohun tí ọjọ́ nìkan lè ṣe. Ṣùgbọ́n wọn kì í pa á fún ọ̀lẹ. Ẹni tí kò tíì da ewé sínú ìkòkò kò ní ohun tí ó ń dúró dè.